Òpó Bàbá Mi àti Ẹnjiníà Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìró òòlù kékeré lára òpó ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí mi létí bí wọ́n bá dárúkọ ẹnjiníà náà. Kì í ṣe òòlù bíríkìlà tó máa ń dún gbàgà-gbàgà. Tirẹ̀ kéré, ó sì máa ń fi kan ara ògiri jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. Yóò kàn án, yóò dákẹ́, yóò tún kàn án. Nígbà náà, mo rò pé ọkùnrin yìí kàn ń fi àkókò wa ṣòfò ni. Mo ṣì kéré lọ́jọ́ orí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Warri, mo sì gbà pé ohunkóhun tí kò bá tíì yé tíṣà kò lè ní ìtumọ̀ gidi kan.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa, létí omi ní Ogbe-Ijoh, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń gbé èrò lọ sí àwọn abúlé inú odò. Ìlàjẹ ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn ọkùnrin tó ń pẹja àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja tà. Nígbà tí àwọn òbí wa fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì dípò pákó, wọ́n ṣe é bí wọ́n ti máa ń ṣe nǹkan láàárín ara wọn: wọ́n pín òpó fún ẹbí-ẹbí. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ra sìmẹ́ńtì tirẹ̀, ó mú bíríkìlà tirẹ̀ wá, ó sì da òpó tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ìdíje fi wọ̀ ọ́. Àwọn kan kun tiwọn ní àwọ̀ búlúù, àwọn mìíràn lẹ táìsì mọ́ tiwọn títí dé òkè. Ohun tó jẹ wá lógún ni bí a ó ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó wa ya fọ́tò lọ́jọ́ Ìkórè. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá òpó apá ọ̀tún mọ ohun tí ti apá òsì ń gbé.

Òpó ẹbí tiwa yàtọ̀. Bàbá mi wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sókun lọ́jọ́ kan, kò sì padà wálé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọkọ̀ náà tó dojú dé, ṣùgbọ́n wọn ò rí òun. Wọ́n wá a títí tó fi sú wọn. Òkú ò sí, sàréè ò sí, ìyá mi ò sì ní ojúkan tí yóò dúró sí sunkún ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń pín òpó ní ìjọ, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó fi orí ara rẹ̀ ru iyanrìn, ó pọn omi fún àwọn bíríkìlà, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ bàbá mi sára òpó náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí ìyá mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò kọ́kọ́ lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òpó yẹn, ní ọ̀gangan àyà. Yóò gbé ọwọ́ lé e, yóò wá lọ jókòó. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé sàréè bàbá mi nìyẹn. Ọmọdé tó bá fẹ̀yìn tì í, ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbá a létí.

Nígbà tó yá, Ọlọ́run bùsí wa, ìjọ kún débi pé àwọn ọ̀dọ́ ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. A pinnu láti kọ́ gálárì, ìyẹn ìjókòó òkè, tí ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn ọ̀dọ́ yóò máa jókòó sí. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, nítorí pé ìwé mi gún régé, inú mi sì dùn sí oyè náà ju bó ti yẹ lọ. Alága ìgbìmọ̀ wa, àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ló ní kí a wá ẹni tí yóò yẹ àwọn òpó náà wò ká tó gbé nǹkan lé wọn lórí. Ó ní òun gbọ́ pé ẹnjiníà kan wà ní Edjeba tó máa ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

"Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀?" ni mo bi í. "Ní Warri yìí?"

"Sọ fún un pé kó wá," ni alága wí. "Tó bá jẹ́ pé olè ni, òpó ò ṣeé jí gbé."

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹnjiníà náà, Mùsùlùmí ni, bàbá rẹ̀ sì ti ń ṣòwò ní Warri kí wọ́n tó bí i. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ oṣù ló ń ṣe. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló fi jìn fún ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ń fi iṣẹ́ wọn ran ará ìlú lọ́wọ́. Mi ò bá a nílé lọ́jọ́ tí mo lọ. Ìyàwó rẹ̀ tọ́ka mi sí Ugborikoko, ó ní, "Bí o bá dé ibi tí omi ti ń wọ ilé onílé, máa wo inú gọ́tà, wàá rí ọkọ mi." Ibẹ̀ ni mo bá a lóòótọ́, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ń fi okùn wọn ilẹ̀, tí àwọn èwe àdúgbò sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Oga, which post you dey find?" ni ọ̀kan nínú wọn ń bi í. "You wan be chairman?"

"Na where this water go pass I dey find," ni ó dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "If you see am, abeg show me."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn Ọ̀fà ju Òje lọ. Ọkùnrin tí kò gba owó, tí kò wá ipò, tí kì í sì í ṣe pásítọ̀, kí ló ń wá? Mo bi í bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀ bí a ti ń bọ̀, nítorí pé ẹnu mi kì í dúró sí ibi tó yẹ. Ó ní, "Tíṣà, ilé tó bá fẹ́ wó kì í béèrè ẹni tó sanwó." Mo pinnu nínú ara mi pé ó fẹ́ díje fún ipò kan tí kò tíì fẹ́ sọ fún wa ni.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Àwa náà máa ń bọ́ bàtà, nítorí náà èyí tu àwọn àgbà ìjọ nínú díẹ̀, torí àwọn kan ti ń kùn pé kí ni ìmàle ń wá nínú ilé àdúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òpó àkọ́kọ́. Ó ń fi òòlù kékeré yẹn kàn án láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń gbọ́ ìró rẹ̀, ó ń sọ ohun tó gbọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan tó bá a wá. Òpó tó dára máa ń dún kan-kan. A jókòó, à ń wò ó, ìyá mi náà wà níbẹ̀ láàárín àwọn obìnrin. Nígbà tó dé òpó bàbá mi, ìsàlẹ̀ dún kan-kan. Ó gbé òòlù sókè díẹ̀, ní ọ̀gangan àyà, ìró náà sì yí padà. Ó dún bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá kan àpótí. Ó tún kàn án. Ó gbé etí lé e. Ó wo àyíká, ó rí orúkọ tó wà lára òpó, ó wá béèrè ẹni tó ni ín.

"Tèmi ni," ni ìyá mi wí. Ohùn rẹ̀ le.

Ẹnjiníà tẹrí ba fún un díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mama," ó sì kọjá sí òpó tó kàn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló wá jábọ̀ fún wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn òpó náà lè gbé òkè, ó ní àwọn kan ń fẹ́ irin àti sìmẹ́ńtì sí i, èyí sì ṣeé ṣe. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kò ṣeé tún ṣe, àfi ká wó o. Alága béèrè èwo ni. Ẹnjiníà tọ́ka sí òpó bàbá mi.

"Ti Mama ni."

Ariwo sọ. Díákónì kan ké pé, "God forbid! Na person papa grave be that!" Ẹlòmíràn ní ṣé ẹ rí i pé ìmàle ló fẹ́ wá wó òpó ilé Ọlọ́run. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí a wá ẹnjiníà mìíràn tí a ó sanwó fún, pé ẹni tó bá gbowó wa yóò gbọ́ tiwa. Ìyá mi kò pariwo. Ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó lọ dúró níwájú òpó náà.

"Ẹni tó bá fẹ́ wó o," ó ní, "kó kọ́kọ́ wó èmi."

Ìlàjẹ ló fi sọ ọ́, ó sì le ju bí mo ṣe kọ ọ́ yìí lọ. Ẹnjiníà mú òòlù rẹ̀. Ó ní, "Ẹ lè rí ẹlòmíràn tí yóò ní ó dáa. Wọ́n wà. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí àwọn ọmọdé jókòó sókè ibẹ̀." Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ. Inú mi dùn pé ó lọ. Mo gbà pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀fọ̀, àti pé ìwé ló pọ̀ jù lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, a wà nílé, ìyá mi ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, ni mo rí ọkùnrin yìí lójú ọ̀nà. Òun nìkan ló wá, kò mú òòlù dání. Ìyá mi ò kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n àlejò ni, Ìlàjẹ kan ò sì lè jẹ́ kí àlejò jókòó pẹ̀lú ebi, ọ̀tá ìbáà jẹ́. Ó gbé púpùrù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, àti ọbẹ̀ ẹja kalẹ̀ fún un, ó gbé e kalẹ̀ gbàgà, kó lè mọ̀ pé ìjà kò tíì parí. Ọmọ Ìjẹ̀bú jẹ púpùrù tán láìfajúro. Ó mu omi. Ó ní:

"Mama, mi ò wá bá yín jà. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Bí ẹ ò bá fẹ́ dáhùn, mo ti yó, màá máa lọ. Kí lẹ fi sínú òpó yẹn?"

Mo ti la ẹnu láti lé e síta. Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè, mo sì pa ẹnu mi dé. Ẹja ń jó lórí iná, kò yí i.

"Aṣọ rẹ̀ ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Aṣọ rẹ̀, fìlà rẹ̀, àti àwọ̀n kékeré tó fi sílẹ̀ nílé. Mo dì wọ́n sínú ọ̀rá. Nígbà tí àwọn bíríkìlà dà á dé àyà tí wọ́n lọ jẹun ni mo gun àkàbà, mo fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ sáàárín pákó, kí wọ́n tó dà á kún. Ibo ni kí n sin ín sí, Ẹnjiníà? Omi ò dá a padà fún mi."

Mo ti gbé pẹ̀lú obìnrin yìí láti ọjọ́ tí ó bí mi, mi ò mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo mọ ìjọ wa. Bí àwọn aríran ìjọ bá gbọ́ pé ìdì kan wà nínú òpó ilé àdúrà, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọ̀fọ̀. Ẹbọ ni wọn yóò pè é. Wọ́n á lé ìyá mi kúrò níwájú orúkọ ọkọ rẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tó fi gbé e pa mọ́ fún èmi náà.

Ẹnjiníà kò dá a lẹ́bi. Kò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irin àti sìmẹ́ńtì fún un. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Ẹ sin ọkọ yín, Mama. Ẹ ṣe ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un báyìí. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin, gbogbo ọ̀dọ́ ìjọ, àga wọn, dùùrù wọn, orí àyà ọkùnrin yẹn ni wọ́n fẹ́ kó o lé. Ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ títí iṣẹ́ fi gbé e lọ. Mama, ẹ jẹ́ kó sọ ẹrù kalẹ̀."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Mi ò tíì rí ẹkún rẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ di iṣẹ́ ṣíṣe. Ó sunkún débi tí èmi náà ò lè mú u mọ́ra. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kò sí bíríkìlà tí yóò fọwọ́ kàn án, kò sì sí ojú ẹlòmíràn tí yóò wò ó.

"Èmi ni màá ṣe é," ni ẹnjiníà wí.

Ó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí káfíńtà fi igi gbé òrùlé ró ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òpó náà. Lẹ́yìn náà ló sọ fún alága pé òun fúnra òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ wíwó rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gbẹgẹ́. Òótọ́ ni. A ti ilẹ̀kùn, ó ku òun, ìyá mi, àti èmi. Mi ò rí ẹni tó wó nǹkan jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ bó, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí irin rẹ̀ já sínú ihò, tí a rí ọ̀rá dúdú nínú rẹ̀, ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó nu ọwọ́. Ó wá bọ́ sẹ́yìn, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ògiri, kí ìyá mi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ rẹ̀ jáde.

Aṣọ náà ti hu, fìlà náà ti rún. Àwọ̀n nìkan ló wà bó ṣe wà. Ìyá mi gbé ìdì náà lé ẹsẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i ní Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ tọkọtaya, mo sì yíjú kúrò.

Bàbá mi ti ra ilẹ̀ kékeré kan sí Ugborikoko nígbà ayé rẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ tí omi kì í dé. Ibẹ̀ la gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnjiníà ló gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí a bò ó tán, ìyá mi ní kó gbàdúrà. Ó ní òun kò mọ àdúrà tiwa. Ìyá mi ní kó gba tirẹ̀, Ọlọ́run kan náà ló ni etíkun. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, Yorùbá ló fi gbà á kó lè yé wa, ó ní kí Ọlọ́run fún ẹni tó rìn jìnnà yìí ní ìsinmi. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ṣe àmín.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀, díákónì béèrè ohun tó bá nínú òpó náà. Ẹnjiníà ní, "Àyè ni mo bá níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì ò kún un." Mo rò ó títí, mi ò rí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló fi tẹ̀ lé iṣẹ́ náà. Kò gbà kí a tún pín òpó. Ó ní kí gbogbo ẹbí jọ po sìmẹ́ńtì lójú kan, àwọn tí wọ́n ti ń fi táìsì bá ara wọn díje sì ń ya ṣọ́bìrì ara wọn lò. A ṣí gálárì náà. Títí di òní, àwọn ọmọ ń fò sókè níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìkórè, kò mì.

Ilẹ̀ Ugborikoko yẹn ni mo kọ́ ilé sí, ibẹ̀ lèmi àti ìyá mi ń gbé báyìí, bàbá mi sì wà lẹ́yìnkùlé wa. Ó ti darúgbó gan-an. Àwọn ọmọ mi ń fi Pidgin dá a lóhùn, òun náà ń fi Ìlàjẹ bú wọn, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ ìtàn yìí, ó ní, "Kọ ọ́. Àwọn tó lè lé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ti kú tán." Èmi náà ti dàgbà tó láti mọ̀ pé kò sí ipò tí ọkùnrin yẹn ń wá. Mo ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn bíi tirẹ̀. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun kọ ẹ̀yìn, mi ò tíì rí púpọ̀.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n pè mí lórí fóònù pé ẹnjiníà ti kú, pé wọ́n ti gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú. Mo lọ síbi àdúrà tí wọ́n ṣe fún un ní Edjeba. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ nípa gọ́tà, nípa afárá, nípa àwọn ọmọ tó kọ́ ní ìṣirò. Ẹnì kan mẹ́nu ba ṣọ́ọ̀ṣì kan létí omi. Mo jókòó, mo ń sunkún.

Mo ti pa ikú rẹ̀ mọ́ fún ìyá mi títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó di ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n rí i sin?" ló bi mí.

"Wọ́n sin ín, Mama. Lọ́jọ́ kan náà, bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe."

"Sínú ilẹ̀?"

"Sínú ilẹ̀."

Ó mi orí. "Ó dáa," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ní kí n fa òun dìde, nítorí ó fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé lọ sọ fún bàbá mi.